Bàbá Hephzibah àti Fèrè Oníhò Méjìdínláàádọ́ta

Bí ẹ bá dé ojú ọ̀nà Ìpàjá, tí ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó máa ń fẹnu ko táàpù lẹ́nu, ẹ ò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó nàka sí i fún yín. Adéolú Ọ̀ṣíbógun ló wà lára bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n Bàbá Hephzibah ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Páìpù, táàpù àti wáṣà ló ń tà. Kò sí táàpù kan tó ń kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà láìjẹ́ pé bàbá ti tì í pa, tó ti fi ẹnu sí ìdí rẹ̀, tó sì ti fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi wú. Bí atẹ́gùn bá yọ́ jáde, táàpù yẹn padà sínú páálí nìyẹn, ó di ọ̀rọ̀ láàárín òun àti ẹni tó kó o wá.

"Bàbá, ẹ tún ti ń fẹnu kò ó!" ni àwọn púlọ́ńbà máa ń wí. "Kí Ìyá Hephzibah má gbọ́ o!"

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́. Ìfẹnukonu yìí ni kì í jẹ́ kí omi kún yàrá àwọn oníbàárà yín."

Ìwà rẹ̀ kejì ni pé kò sí ohun tí kò lè pín. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe sítókípà ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀ pé ẹyọ kan jẹ́ mélòó. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìbéèrè náà kò fẹ̀yìn tì. Bí ìyàwó rẹ̀, Ìyábọ̀dé, bá ra búrẹ́dì wọlé, bàbá yóò ka awẹ́ rẹ̀, yóò pín owó sí i, yóò ní, "Awẹ́ kan ti di ọgọ́rùn-ún náírà o. Ẹ rọra jẹ ẹ́."

Ohun kẹta tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ ni orin. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó lórí àga kan náà ní ìlà àwọn tó ń kọ tẹ́nọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àdúgbò wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, àga kejì sí fèrèsé. Bí ó bá ti wọ kásọ́ọ̀kì rẹ̀, aṣọ akọrin dúdú tó gùn dé kókósẹ̀, ọkùnrin oníwáṣà yẹn á dìde dúró bí ẹni tí wọ́n fà sókè.

Ọdún tó kọjá ni gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, gẹ̀gẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohùn orin bá a lọ. Ó lè sọ̀rọ̀, ó lè nájà, ó lè bú ẹni tó bá fẹ́ yàn án jẹ. Tó bá ní kóun kọrin, ohun tó ń jáde dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa àga lórí símẹ́ńtì.

Òfin kan sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn: ẹni tí kò bá lè kọrin mọ́ fún oṣù mẹ́fà, kó dá kásọ́ọ̀kì padà kí Ìkórè tó dé, kí wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Àga tẹ́nọ̀ kò ju mẹ́jọ lọ, àwọn tó ń fẹ́ ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìparí oṣù Ògọ́ọ̀sì, Charles, ọ̀gá akọrin, olùkọ́ ilé ìwé kan tí kò tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kí bàbá, ó dúró, ó ń fọwọ́ tẹ orí páìpù kan.

"Ọ̀gá Charles, ẹ kú ìrìn o. Táàpù ni àbí wáṣà?"

"Kì í ṣe èyíkéyìí, sà. Bàbá, ẹ mọ̀ pé Ìkórè ti ń bọ̀ lóṣù kọkànlá..."

"Ẹ wá gba kásọ́ọ̀kì."

Charles wolẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo ṣòfin yẹn, sà."

"Ta ló sọ pé ẹ̀yin ni? Èmi wà níbẹ̀ lọ́dún tá a ṣe é. Èmi gan-an ni mo dìde, tí mo ní aṣọ tá a rán lówó gọbọi kò yẹ kó máa rọ̀ sára ògiri ẹni tí kò kọrin." Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń yí táàpù kan sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà ló gbé e sẹ́nu, bí ìṣe rẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ pẹ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Ọ̀gá Charles, ohùn ni mo sọ nù. Èémí mi ṣì pé."

"Báwo ni, sà?"

"Tí mo bá rí ohun tí mo lè máa fi fun ohùn tẹ́nọ̀ láti orí àga mi ńkọ́?"

"Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì máa bo gbogbo wa mọ́lẹ̀, Bàbá."

"Mi ò ní owó trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Nǹkan kékeré ni mò ń wí."

Charles ronú. Olóòótọ́ ènìyàn ni, kò fẹ́ ṣèlérí tí kò ní lè mú ṣẹ. "Orin Ìkórè ọdún yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Kíì C ni. Tí ẹ bá lè fun ohùn tẹ́nọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì fo nóòtì kan, ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, lójú gbogbo ẹgbẹ́, kásọ́ọ̀kì yín dúró. Tí kò bá wá ṣeé ṣe..."

"Màá fọ̀ ọ́, màá lọ̀ ọ́, màá gbé e wá fúnra mi."

Báyìí ni wọ́n ṣe bọ ara wọn lọ́wọ́.

Hephzibah fúnra rẹ̀, tó ń gbé ní Àgbàdo pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ló dárúkọ ohun èlò náà lórí fóònù. "Hamóníkà ni, Dádì. Èyí tẹ́ ẹ máa ń pè ní máùtọ́gàn. Ó ń wọ àpò. Ṣùgbọ́n kromátíìkì ni kẹ́ ẹ béèrè o, èyí tó ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má lọ ra èyí tẹ́ ẹ bá ṣáà rí."

"Ṣé èmi ni wàá kọ́ lọ́jà rírà ni?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó di Ìkọ̀tún. Raheem lorúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin tó wọ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí gìtá rọ̀ yí orí rẹ̀ ká bí ẹran lórí ìkọ́ alápatà.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé ti ọmọ ọmọ yín ni?"

"Tèmi ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti ń fun nǹkan tẹ́lẹ̀?"

"Táàpù."

Raheem wò ó, kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín. Ó gbé fèrè méjì sórí gíláàsì. "Èyí ni kromátíìkì. Ihò méjìlá, bọ́tìnnì ẹ̀ rèé. Èyí tó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì. Ìkejì yìí, tirẹ́mólò ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ̀rún méjìlá."

Bàbá gbé tirẹ́mólò náà. Ó gùn, ó wúwo, ó ń dán. Ó fi èékánná ka ihò rẹ̀: mẹ́rìnlélógún lókè, mẹ́rìnlélógún nísàlẹ̀.

"Ọ̀gá Raheem, ẹ ò tiẹ̀ mọ ọjà yín tà. Ihò méjìdínláàádọ́ta ní ẹgbẹ̀rún méjìlá, ihò kan jẹ́ àádọ́talérúgba náírà. Èyí tẹ́ ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ihò kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀! Kí ló wà nínú ihò ọ̀hún?"

"Bàbá, wọn kì í ka ihò ra hamóníkà o."

"Kí ni wọ́n ń kà?"

"Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ ni, sà. Tirẹ́mólò yìí ò ní bọ́tìnnì. Tó bá dé ibì kan nínú orin..."

"Bọ́tìnnì a máa bàjẹ́, jàre. Èyí tí ò ní, kí ló fẹ́ bàjẹ́ lára ẹ̀?"

Raheem gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kàn án, mi ò lè gbà á padà. Ohun tó bá ti wọ ẹnu oníbàárà, tiẹ̀ ni."

"Ta ló fẹ́ dá a padà?" ni bàbá wí. Inú rẹ̀ dùn délé bí ẹni tó jí ọjà gbé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kọ́ ọ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò nira bó ṣe rò. Ó mọ orin náà láti inú ìwé, dò-rè-mí rẹ̀ pé lórí. Ó ní láti wá ibi tí dò wà lára fèrè, kó fẹ́ síta, kó fà wọnú. Ìyábọ̀dé jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ìwé orin, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

"Ẹ fo ibì kan," ló wí.

"Mi ò fò ó."

"Bàbá Hephzibah, ẹ fò ó. Fe wà níbí." Fe ni fà tí wọ́n gbé sókè díẹ̀, tí kò tíì dé sò. Ó wà nínú ohùn tẹ́nọ̀ náà nígbà mẹ́ta.

Bàbá wá a. Ó fẹ́ gbogbo ihò méjèèjìdínláàádọ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fà wà, sò wà. Fe kò sí níbì kankan. Ìgbà náà ló rí i pẹ̀lú pé ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ jọ ń dún ohùn kan náà ni. Ìdajì ohun tó rà ni ìdajì kejì tún ń sọ.

Ó jókòó, ó sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó ka gbogbo nóòtì tẹ́nọ̀ tó wà nínú orin náà: igba ó lé mẹ́rin. Ó pín mẹ́ta sí i. "Ìyábọ̀dé, ẹyọ kan nínú méjìdínláàádọ́rin ni. Ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, èyí tó ń fọ́ lójoojúmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ń tà á. Wọn ò ní mọ̀."

"Àwọn akọrin ò ní mọ̀?"

"Wọn ò ní mọ̀."

Wọ́n mọ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Charles ní kí àwọn tẹ́nọ̀ kọ orin Ìkórè, bàbá sì gbé tirẹ́mólò rẹ̀ sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ jẹ àgbàdo sísun. Ó lọ dáadáa. Àwọn obìnrin tiẹ̀ ti ń mi orí sí i. Bó ṣe dé fe àkọ́kọ́, fèrè dákẹ́ wẹ́lo, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ níwájú. Nígbà kejì, Promise, tó ń jókòó lórí àga tó kángun sí tirẹ̀, tó sì jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ló le jù láàárín wọn, bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kòtò wà lójú ọ̀nà yín o!"

Nígbà kẹta, gbogbo ẹgbẹ́ ti ń retí kòtò náà. Bí bàbá ṣe fò ó, ẹ̀rín sọ. Bàbá náà bá wọn rín díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Charles kò rẹ́rìn-ín. Ó wá bá a nígbà tí wọ́n túká.

"Bàbá, nóòtì mẹ́ta."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá Charles."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, sà."

Ní gbogbo ọ̀nà délé, bàbá kò pín nǹkan kan. Ó ń wo àga yẹn lọ́kàn ara rẹ̀, àga kejì sí fèrèsé, àti ẹlòmíràn lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sí Ìkọ̀tún. Ó gbé pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù dání, ó sì ti fi wáṣà rọ́bà kan láti inú ọjà rẹ̀ dì í lẹ́nu.

"Ẹ káàbọ̀ sà," ni Raheem wí. Ó rí ojú bàbá, ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì. "Tirẹ́mólò ńkọ́?"

"Ó wà nílé, ó ń dán. Ẹ ò ní gbà á padà, mo mọ̀. Ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé ohun tí mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣàlàyé níjọ́sí."

Raheem jókòó. Ó gbé kromátíìkì oníhò méjìlá náà. "Ihò kan nìyí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ohùn kan. Tẹ́ ẹ bá fà á, ohùn mìíràn. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ bọ́tìnnì yìí, tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, ohùn àkọ́kọ́ yẹn á gùn sókè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ fà á, ìkejì náà á gùn. Fà di fe nìyẹn. Kò sí kíì tẹ́ ẹ fẹ́ tí ò sí níbẹ̀."

"Mẹ́rin nínú ihò kan." Ètè bàbá ń mì. "Mẹ́rin lọ́nà méjìlá... Méjìdínláàádọ́ta!"

"Kẹ́ ẹ ṣáà rí i!"

"Ohùn méjìdínláàádọ́ta. Tirẹ́mólò mi ò ju mẹ́rìnlélógún lọ." Ó kẹ́dùn díẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún méjìlá rẹ̀ tó ti lọ. "Ẹ kó gbogbo kromátíìkì tẹ́ ẹ ní wá."

Mẹ́rin ni. Ọ̀kan ní ihò mẹ́wàá péré, ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n. Méjì ní ihò méjìlá, irú kan náà, owó kan náà. Ọ̀kan ní ihò mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún. Raheem ní èyí ló lè sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí ohùn ọkùnrin wà gan-an.

"Pọ́ǹpù yìí ńkọ́, sà?"

"Ẹ ní kí n má fẹnu kàn án. Ẹnu mi nìyí." Bàbá fi wáṣà lé ihò àkọ́kọ́ lórí fèrè olówó ńlá náà, ó tẹ pọ́ǹpù láìfi agbára, ó sì ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Fèrè dún. Ní ẹẹ́ta, pọ́ǹpù ti wọlẹ̀. Ó yí i padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Atẹ́gùn ń yọ́ níbí. Ẹ fọwọ́ sí i."

Raheem fọwọ́ sí i. "Ó ń yọ́ lóòótọ́!"

"Ẹni tó bá ra èyí, inú afẹ́fẹ́ lásán ló máa fẹ́ ìdajì èémí ẹ̀ sí. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi." Oníhò mẹ́wàá kò yọ́, ṣùgbọ́n Raheem fúnra rẹ̀ sọ pé ohùn rẹ̀ á tán lókè kí orin tó tán. Ó ku àwọn ìbejì oníhò méjìlá. Ti àkọ́kọ́, pọ́ǹpù wọlẹ̀ ní ẹẹ́rin. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó ń lọ́ra kó tó padà. Ti ìkejì, ó di eéje kí pọ́ǹpù tó wọlẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ sì ń padà kíá bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn tuntun. Bàbá dán ihò méjèèjìlá wò. Ẹni méjì tó wá ra okùn gìtá ti dúró, wọ́n ń wòran.

"Èyí," ni bàbá wí. "Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì àti irinwó."

"Kí ni ti irinwó, Bàbá?"

"Kí ohùn kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ẹgbẹ̀rin náírà géérégé. Bó ṣe wà yìí, ẹgbẹ̀rin ó lé márùndínlọ́gọ́rin ni, iye yẹn ò ní jẹ́ kí n sùn."

Raheem rẹ́rìn-ín títí ó fi di gíláàsì mú. "Ẹ san án, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá máa bá mi fẹ́ ọjà mi kí n tó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kò gùn. Atọ́ka ọwọ́ ọ̀tún bàbá, tó ti ń fi sí wáṣà láti ọjọ́ yìí wá, ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì lásìkò. Ó kọ́ láti di fèrè náà mú sínú àtẹ́lẹwọ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó fun ún. Ọjọ́ kan ló mu gààrí oní-ṣúgà tán tó sì gbé e sẹ́nu. Bọ́tìnnì lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò padà mọ́. Ó di kó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ nù ún fún wákàtí kan, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnu fífọ̀ ló ń ṣáájú orin. Ìyábọ̀dé ní ọkọ òun kò fọ ẹnu tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń fẹ́ òun sọ́nà.

Sátidé tó ṣáájú Ìkórè dé. Bàbá gbé hamóníkà sápò, ó sì gbé náílọ́ọ̀nù kan dání. Kásọ́ọ̀kì rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Alágbàfọ̀ ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Ó ti sọ pé òun máa gbé e wá fúnra òun, ó sì gbé e wá.

Ó gbé náílọ́ọ̀nù náà sábẹ́ àga kejì sí fèrèsé. Charles na ọwọ́ sókè. Àwọn tẹ́nọ̀ bẹ̀rẹ̀, bàbá bá wọn wọlé. Fèrè náà ga ju ohùn ọkùnrin lọ, bí tẹ́nọ̀ tó gun àjà ilé lọ jókòó, ṣùgbọ́n ó mọ́, ó sì dúró ṣinṣin. Fe àkọ́kọ́ ń bọ̀. Promise ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Atọ́ka bàbá tẹ bọ́tìnnì.

Fe dún.

Ó dún, ṣùgbọ́n ohun tó dún lẹ́nu fèrè àti ohun tó dún lẹ́nu Promise kì í ṣe ọ̀kan náà. Charles gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́.

"Ta ni kò tọ̀nà?"

Charles rìn lọ sídìí dùùrù, ó tẹ fe lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀. Ó yíjú padà. "Promise, o kò gbé e dókè. Ti Bàbá ló pé."

"Promise," ni bàbá wí pẹ̀lú ohùn àga-lórí-símẹ́ńtì yẹn, "kòtò ti kó sí ọ̀nà tìrẹ o."

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, ìlà àwọn obìnrin ló ti bẹ̀rẹ̀. Promise alára dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Bàbá, mo túúbá." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin láti orí. Ní fe kejì, Promise dúró de fèrè kó tó gbé tirẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ìlà tẹ́nọ̀ ń tẹ̀ lé hamóníkà bí ẹni di okùn mú. Igba ó lé mẹ́rin nóòtì, ọ̀kan kò fọ́.

Nígbà tí Charles ń ka àwọn kásọ́ọ̀kì tí wọ́n máa dá padà, ó dé orúkọ Ọ̀ṣíbógun. Ó wo náílọ́ọ̀nù tó wà lábẹ́ àga.

"Kí lẹ gbé wá yẹn, Bàbá?"

"Ohun tí mo ṣèlérí."

"Ẹ gbé e padà sílé, sà. Tàbí kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ wá lọ́la, kí owó alágbàfọ̀ yín má ṣòfò."

Ìyábọ̀dé ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí náílọ́ọ̀nù náà, ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó fi ìró nu ojú, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò dúró kí i. Ó wọlé, ó wọ kásọ́ọ̀kì, ó tún un wọ̀ dáadáa, ó dúró níwájú dígí. Ó mú hamóníkà rẹ̀, ó wá ibi tí yóò kì í bọ̀. Ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ òsì. Aṣọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ láti ọrùn dé kókósẹ̀, kò sí àpò kankan.

"Ìyábọ̀dé!" ló ké láti inú yàrá. "Èló ni wọ́n ń rán àpò kan báyìí?"